Ajere Ti Di Oko: Bí Mo Ṣe Ń Mú Ẹ̀wà Hù Nínú Ilé ní Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ rédíò àti fáànù ni mo ń ṣe, Lágeré ni a sì ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé onípáànù ni, kọnkéré ni wọ́n sì dà sí gbogbo àgbàlá, débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbin ìdí ewédú kan ṣoṣo sí. Nígbà òjò, kò sí wàhálà, ẹ̀fọ́ máa ń pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rùn bá ti wọlé, ìdì tẹ̀tẹ̀ á kéré, owó rẹ̀ á lé. Ní ẹ̀rùn tó kọjá, mo tẹ̀lé ìyàwó mi lọ sí ọjà Odò-Ògbè. Mo rí i tó dúró níwájú ẹlẹ́fọ̀ọ́, tó gbé ìdì kan, tó gbé e sílẹ̀, tó tún gbé e. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní ó yẹ kí nǹkan tútù kan wà tí a lè máa mú hù nínú ilé, tí kò béèrè ilẹ̀, tí kò béèrè iná mànàmáná.

Ilé ìbejì ni ilé wa, ẹ̀wà kì í tán ńbẹ̀. Ẹ̀wà náà ni mo yàn.

Kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń pè ní èéhù kí n tó máa bá ìròyìn lọ. Tí ẹ bá rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, tí ẹ da omi náà nù, tí ẹ wá ń fi omi mímọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, hóró rẹ̀ á la ẹnu, gbòǹgbò funfun á yọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti gùn bí ìka ọwọ́. Kò sí erùpẹ̀ ńbẹ̀, kò sí ajílẹ̀. Oúnjẹ tí hóró náà ti kó pamọ́ sínú ara rẹ̀ ló ń jẹ. Àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́, àwa náà kò sì ṣàì mọ̀ ọ́n. Ìyá ìyá mi máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé mìíràn bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i títí tí yóò fi hù, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Nínú híhù yẹn ni adùn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ń wá, nítorí pé hóró tó ń hù máa ń sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Ọtí ni màmá àgbà ń wá ní tiwọn. Oúnjẹ ni èmi ń wá.

Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá

Ìgò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Agolo mílíìkì méjì ẹ̀wà olóyin, ìgò ẹlẹ́nu gbàràgàdà kan, ìrépé àwọ̀n ẹ̀fọn tí mo gé láti fi bo ẹnu rẹ̀, àti rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo rẹ ẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo da omi rẹ̀ nù. Hóró náà ti wú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo ṣan án, mo dojú ìgò náà dé inú abọ́ kí omi lè máa ro, mo gbé e sábẹ́ tábìlì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gbòǹgbò funfun tó rí bí ẹnu abẹ́rẹ́ ti ń yọ lára àwọn kan. Mo pe àwọn ìbejì kí wọ́n wá wò ó. Táíwò bi mí pé níbo ló ń lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, òórùn ló jí mi. Ó ń rùn bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ ìgò, ó yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù, mo jókòó tì í láti wá ẹ̀bi rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe fún rédíò tó kú.

Àkọ́kọ́, mo kún ìgò jù. Nígbà tí ẹ̀wà wú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbòǹgbò, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò, ó dí àwọ̀n náà, omi kò rọ́nà jáde. Èkejì, ìdajì ẹ̀wà náà kò hù rárá. Ohun tí kò lè hù, jíjẹrà ló kù fún un, tó bá sì ti ń jẹrà, á kó bá àwọn tó ń hù. Ẹ̀bi kẹta, èmi kọ́ ni mo rí i. Ìyàwó mi ló wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe àwọ̀n tí àwọn elétò ìlera pín fún wa lẹ gé yẹn? Ṣé ẹ mọ̀ pé oògùn ẹ̀fọn wà lára rẹ̀?”

Òótọ́ ni. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi sára irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò sì yẹ kó kan oúnjẹ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ni ìyàwó mi fún mi dípò rẹ̀. Òun ni mo ń lò títí di òní. Mo máa ń sè é nínú omi gbígbóná kí n tó lò ó.

Ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá

Mo dán ẹ̀wà wò. Mo ka hóró 100 sórí aṣọ funfun tútù, mo ká a bí ẹní, mo fi í sínú nǹkan tí kò ní jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo tú u, mo kà á. 38 péré ló hù. Àwọn yòókù ti rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n le bí òkúta bí ẹni pé omi kò kàn wọ́n rí.

Mo fi awò tí mo máa ń fi wo wáyà tó kéré yẹ wọ́n wò. Ihò kòkòrò wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò hù, ihò róbótó tó dán bí ẹni pé irin ni wọ́n fi lu ú. Tí kòkòrò bá ti jẹ ibi tí gbòǹgbò yẹ kó ti yọ, hóró náà á ṣì dára fún sísè, ṣùgbọ́n kò lè hù mọ́. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò bákan náà: ẹ̀mí inú rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò rẹ ẹ̀wà kankan láìjẹ́ pé mo ka 100 rẹ̀. Tí kò bá pé 85, ọ̀nà àkàrà ni mo fi í sí.

Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá

Mo lọ sí Sábó. Ìdí tí mo fi lọ ni pé ẹni tí mo kọ́kọ́ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fi ọwọ́ sọ àyà pé òun kò fi oògùn kankan sí i, tí mo sì wá rí ẹbu eérú kan nísàlẹ̀ ọ̀rá nígbà tí mo délé. Ó dùn mí. Ẹ̀wà tí ènìyàn fẹ́ sè fún wákàtí kan, kò yẹ kó ní oògùn. Èyí tí a fẹ́ máa mú hù, tí yóò mu omi sínú ara rẹ̀ mọ́jú, kò yẹ kó ní i rárá.

Mo bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta ọkà, mo kí wọn, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣe. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò kan, wọ́n bu ẹ̀wà sókè, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n wá nawọ́ rẹ̀ sí mi kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀. “Ti ọdún yìí nìyí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè Ọya. Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn, má rà á fún ohun tí o fẹ́ ṣe.” Kóńgò kan ni mo rà. Mo ka 100 rẹ̀, 93 hù.

Àwọn kan ní kí n lọ ra hóró tí wọ́n ń tà fún gbíngbìn, pé ìyẹn ló máa ń hù dáadáa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Hóró gbíngbìn tí ẹ bá rí tó ní àwọ̀ pupa tàbí búlúù tàbí àwọ̀ ewé tí kì í ṣe ti ara rẹ̀, oògùn ni wọ́n fi kùn ún kí kòkòrò àti èbu inú ilẹ̀ má ba à jẹ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Kì í sì í ṣe gbogbo hóró ló ṣeé fi ṣe èyí. Ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní nǹkan nínú tó máa ń di májèlé sáyánáìdì; àwọn Fúlàní darandaran mọ̀ ọ́n, wọn kì í jẹ́ kí màlúù wọn kó wọ inú ọmọ ọkà bàbà. Àwọn tó ń fi í pọn ọtí máa ń sá a, wọ́n sì máa ń sè é dáadáa. Sèsé náà ní irú májèlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín ní tirẹ̀, híhù kò mú èyí tó wà nínú rẹ̀ kúrò, àfi kó hó dáadáa lórí iná. Ẹ̀wà tí a ń jẹ lójoojúmọ́, òtílì, sóyà, àti mung bean, ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé tí àwọn ará Ṣáínà ń lò, àwọn ni mo fi mọ.

Ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá

Mo pa ìgò tì. Rọ́bà ọ̀dà méjì tí kò tíì rí ọ̀dà rí ni mo rà, mo kì ọ̀kan bọ inú èkejì. Mo fi ayọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì dá ihò 60 sí ìdí ti inú, mo sì fi ìgò mẹ́ta kéékèèké gbé e ga kúrò nísàlẹ̀ kí omi lè máa kán sínú ti ìta. Mo fọ́nnu díẹ̀ lórí iṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó hù dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn tún dé, láti ìdí. Nígbà tí mo da èéhù náà sílẹ̀, tí mo fi awò wo àwọn ihò yẹn, mo rí i pé ayọ́ọ̀nù kì í dá ihò tó mọ́. Rọ́bà tó yọ́ ti dì yíká ihò kọ̀ọ̀kan bí ètè tó wú, lẹ́yìn ètè náà ni omi yíyọ̀ kan ti sá pamọ́ sí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ikun. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fọ̀ ọ́ kó mọ́. Mo fi bíléèdì gé díẹ̀, ó rẹ̀ mí. Mo ra òmíràn, mo fi dírìlì ẹlẹ́nu mìlímítà 3 lu ú, mo fi bíléèdì fá etí ihò kọ̀ọ̀kan títí ó fi tẹ́jú. Wákàtí méjì gbáko ni mo lò lórí rẹ̀, iṣẹ́ náà sì tọ́ sí i.

Ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá

Ní ọjọ́ yìí ni iṣẹ́ náà yé mi.

Òórùn ti dín kù, ṣùgbọ́n èéhù tó wà láàárín gbùngbùn rọ́bà ṣì ń pọ́n, ó sì ń rọ̀, nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ funfun nini. Mo ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mítà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní wáyà kan tí ń wọn ooru. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, afẹ́fẹ́ inú yàrá jẹ́ dígírì 31. Mo ki wáyà náà bọ àárín èéhù: 37. Mo rò pé mítà ti bàjẹ́. Mo ra omi dídì kan, mo fọ́ ọ sínú ife, mo fi omi díẹ̀ sí i, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sọ 0. Mítà kò ní ẹ̀bi. Mo tún padà sínú èéhù: 37.

Èéhù ń mí. Bí a ṣe ń mí, tí ara wa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń mí: ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń sun oúnjẹ inú ara rẹ̀, ooru ń jáde. Hóró kan kò lè gbóná débi kankan. Ṣùgbọ́n ẹ kó ẹgbẹ̀rún hóró jọ sójú kan, ẹ bò wọ́n, nínú ilé onípáànù, ní ọ̀sán ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ti sùn rí nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́wàá wà, tí wọ́n ti fèrèsé, mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí n tó mọ èyí, mo rò pé nítorí òùngbẹ ni a ṣe ń fi omi ṣan èéhù. Omi tó nílò kò tó bẹ́ẹ̀. Ooru ni omi náà ń gbé jáde, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí èéhù ń yọ, ó sì ń fà afẹ́fẹ́ tuntun wọlé bó ti ń ro kọjá. Omi tó bá dúró sísàlẹ̀ ló ń fún un lọ́rùn. Nítorí náà mo yí ọwọ́ mi padà. N kò jẹ́ kí ẹ̀wà rírẹ jìn ju ìka méjì lọ nínú abọ́. Mò ń ṣan án lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mejì: aago mẹ́fà, ọ̀sán gangan, aago márùn-ún, àti kí n tó sùn. Tí mo bá ti ṣan án, mo máa ń gbé rọ́bà náà dání ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí omi yóò fi dákẹ́ kíkán. Omi kànga wa ni mò ń lò, mo máa ń sè é ní alẹ́ kó tutù kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú ìkòkò amọ̀ ló máa ń wà, ó tutù ju ti inú ike lọ.

Ìkòkò amọ̀ yẹn ló fún mi ní èrò tó kàn.

Ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá

Kí n tó dé orí èrò náà, mo ṣe àṣìṣe kan tó yẹ kí n kọ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ yóò bá a pàdé. Mo ṣí rọ́bà ní àárọ̀, mo rí irun funfun lára gbogbo gbòǹgbò, ó hù yẹ̀ẹ́yẹ̀ẹ́ bí òwú. Mo ní ó ti bu. Mo kó èéhù tó tó kílò kan dànù sínú ààtàn. Hóró díẹ̀ ṣẹ́kù sínú abọ́, omi ta sí i lára, mo wá rí i pé irun náà ti pòórá. Nígbà tó gbẹ díẹ̀, ó tún yọ.

Irun gbòǹgbò ni, ohun tó yẹ kí gbòǹgbò fi mu omi nínú ilẹ̀. Mo fi awò wò ó. Ó yí gbòǹgbò ká ní dọ́gbadọ́gba, gbogbo rẹ̀ ga bákan náà bí irun búrọ́ọ̀ṣì, ibi kan náà lára gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ló wà, kò kan ẹnu gbòǹgbò, kò kan hóró. Èyí tó bu kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára hóró tó fọ́ tàbí tí kò hù, ó máa ń ta okùn láti hóró kan sí èkejì bí aláǹtakùn, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣú, omi kì í pa á rẹ́, ó sì ń rùn. Èéhù tó dára, òórùn ewé tútù ló ní.

Ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá

Mo ra ajere. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìkòkò amọ̀ tó ní ihò kiri ara ni. Àwọn ìyá wa fi í ń yan ẹran, wọ́n fi í ń sẹ́ nǹkan. Ìlú tí wọ́n ti fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ojú ọ̀nà ni Ifẹ̀, iṣẹ́ tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwo ló ní kí wọ́n ṣe, inú mi sì dùn pé amọ̀ náà ni mo tún padà sí.

Mo rẹ ajere náà sínú omi fún ọjọ́ kan, mo sè é nínú ìkòkò ńlá, mo sá a sí oòrùn. Ihò rẹ̀ tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, nítorí náà mo tẹ́ aṣọ asẹ́-ògì sí inú rẹ̀. Mo gbé e ka orí àfọ́kù táìlì mẹ́ta nínú bàsíà, mo da ẹ̀wà rírẹ sínú rẹ̀, mo fi aṣọ funfun tútù bo ẹnu rẹ̀. Abẹ́ tábìlì ló wà, ibi tó ṣókùnkùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ èéhù di aláwọ̀ ewé, ó sì máa ń korò díẹ̀.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì, yàrá jẹ́ dígírì 32. Àárín ajere: 28. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Amọ̀ náà ti mu omi, omi náà ń fò lọ díẹ̀díẹ̀ láti ara rẹ̀, ó ń kó ooru lọ, bí ìkòkò àmù ṣe ń mú omi tutù. Afẹ́fẹ́ sì ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ wọlé, èyí tí rọ́bà mi kò ní. Gbogbo ohun tí mo ti ń wá láti oṣù tó kọjá, ó wà lára ohun èlò tí ìyá mi fi ń yan ẹja.

Àléébù rẹ̀ kan wà. Amọ̀ ń mu ohunkóhun tó bá kàn án, tí a kò bá fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí á wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́, láìfi ọṣẹ kún un, mo máa ń da omi tó ń hó lé e, mo sì máa ń sá a fún odidi ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra èkejì, kí ọ̀kan lè máa sinmi.

Láti ìgbà tí mo ti gbé ẹrù lé èéhù lórí ni ó tún ti dára sí i: abọ́ pẹrẹsẹ kan, òkúta tí mo ti fọ̀ tí mo sì ti sè lórí rẹ̀. Tí ẹrù bá wà lórí èéhù, kì í ga tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń sanra. Nígbà tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde láti ara rẹ̀, irú èyí tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń sọ fún un pé kó fẹ̀ dípò kó gùn.

Ìparí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní

Ọyẹ́ dé. Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ orí ajere gbẹ láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹnu gbòǹgbò pọ́n. Mo sọ aṣọ náà di ìṣẹ́po méjì, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lórí. Òru tutù, dígírì 22 nínú ajere, èéhù sì ń falẹ̀: ohun tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹrà nínú gbogbo oṣù náà.

Ìkórè

Mo gbé òṣùwọ̀n kékeré wá. 500 giramu ẹ̀wà olóyin fún mi ní kílò 1.3 ní ọjọ́ kẹta. Tí mo bá fi í sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń ní okùn lẹ́nu. Oníbàárà mi kan bá mi ra mung bean bọ̀ láti Èkó: 250 giramu rẹ̀ di kílò 1.6 ní ọjọ́ karùn-ún, ó funfun, ó sì sanra. Ti Ṣáínà yìí lé tiwa lọ nínú pípọ̀, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Sábó, tí owó mi ká, ni mò ń bá lọ.

Èèpo rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti bó ẹ̀wà àkàrà rí ti mọ̀ ọ́n ṣe: ẹ da èéhù sínú omi púpọ̀, ẹ fi ọwọ́ rú u jẹ́jẹ́, èèpo á léfòó, ẹ á gbọ̀n ọ́n dànù.

A kì í jẹ ẹ́ ní tútù nílé wa. Mo fi ara mi ṣe òfin yìí, n kò sì ní yí i padà. Ooru àti ọ̀rinrin tó ń mú ẹ̀wà hù, òun náà ló ń mú kòkòrò àìfojúrí bí sí i, tí kòkòrò bá sì ti wà lára hóró láti oko, ó lè wọ inú ibi tí omi ìfọ̀ kò dé. Ní ọdún 2011, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì láti ara irú kòkòrò E. coli kan. Ènìyàn tó lé ní 3,800 ló ṣàìsàn, àwọn tó lé ní 50 sì kú. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, èéhù fenugreek ló já sí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní hulba. Ìlú tó ní ilé ìwòsàn ńláńlá ni Jámánì. Mo ní ọmọ méjì tí wọn kò tíì pé ọdún méje, ìyá mi sì máa ń wá kí wa.

Ìyàwó mi á gbé epo kaná, á ge àlùbọ́sà àti ata sí i, á fi edé lílọ̀ díẹ̀ sí i, tó bá ti ta sánsán, á da èéhù sí i, á dé e, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ó máa ń rọ̀, fítámì C tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń lọ. Ẹ̀wà gbígbẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní fítámì yìí rárá, inú híhù ló ti ń rí i. Ti sóyà máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i lórí iná. A fi jẹ ìrẹsì, a fi jẹ iṣu. Ní ọjọ́ kan tí tẹ̀tẹ̀ kò tó, ó dà á mọ́ ọn, kò sí ẹni tó ráhùn.

Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé inú wọn kò kùn. Ẹ̀wà lásán máa ń fẹ́ inú wọn. Àwọn ṣúgà tó ń fa èyí nínú ẹ̀wà, hóró náà fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ púpọ̀ nínú wọn nígbà tó bá ń hù. A wá dán àkàrà wò. Ẹ̀wà tó hù fún ọjọ́ kan, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ, àkàrà rẹ̀ wú dáadáa, ó ní adùn díẹ̀. Ti ọjọ́ méjì kò dára: ó ṣàn, ó mu epo.

Ọjọ́ 18, oṣù Kejì

Láti oṣù Kejìlá, ajere kọ̀ọ̀kan ń fún wa ní ìkórè lọ́sẹ̀. Omi tí mo fi ń ṣan án kò ṣòfò, mo máa ń dà á sínú rọ́bà ọ̀dà tí mo fi ayọ́ọ̀nù bà jẹ́ yẹn. Mo ti kún un ní erùpẹ̀, ewédú mẹ́fà ló wà ńbẹ̀ báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá onílé rí mi níbi tí mo ti ń sá ajere. “Bàbá Ìbejì, ẹja wo lẹ ń yan ní gbogbo ìgbà tí òórùn rẹ̀ kì í jáde?” Mo mú wọn wọlé, mo ṣí aṣọ fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe máa ń rí lábẹ́ ewé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ajere tiwọn jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ti dúdú fún èéfín, etí rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́. Mo ti ń bá wọn họ ọ́ láti àná. Èéfín náà ti wọ inú amọ̀, omi gbígbóná kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì fẹ́ sun ún nínú iná igi lọ́jọ́ Sátidé kó lè jó kúrò kí n tó gbé ẹ̀wà sínú rẹ̀. Agolo méjì ni màmá ní kí n rẹ fún wọn.